Ariwo Dífúrẹ́ńṣà Lẹ́yìn Àtúnṣe: Ohun tí Etí Gbọ́ àti Orúkọ tí Ó Yẹ Kí A Fún Un

1. Ìfáárà

Ẹni tí ó bá gba Sango-Ọ̀tà kọjá lẹ́ẹ̀kan yóò mọ̀ pé ìlú ọkọ̀ ni. Ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta gba ibẹ̀ kọjá. Agbègbè ibẹ̀ náà ni ọ̀nà tí ó lọ sí Ìdírókò, ní ẹnu ibodè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ti yà. Ilé iṣẹ́ pọ̀ ní ilẹ̀ Àwórì yìí, ohun tí wọ́n ń ṣe jáde àti ohun tí wọ́n fi ń ṣe é kò sì ní ẹsẹ̀ mìíràn tí wọn yóò fi rìn ju ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ. Nígbà òjò, ọkọ̀ tí ó bá wọ oko, tàbí ibi tí a ti ń wa yanrìn, tàbí ibi tí a ti ń kọ́ ilé tuntun, a máa rì sínú ẹrẹ̀. Èyí ni ó mú kí àwọn kan fẹ́ràn ọkọ̀ akẹ́rù tí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gba agbára láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, èyí tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní fọ́wíìlì.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí bẹ̀rẹ̀ lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ó wọ ọgbà mẹkáníìkì. Wọ́n tú dífúrẹ́ńṣà rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ohun tí ó bàjẹ́, wọ́n sì dè é padà. Ọkọ̀ jáde, ó dé ojú títì, ariwo tí kò sí tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Olówó ọkọ̀ ní, 'Ọ̀gá, ó ń pariwo o.' Ọ̀gá ní kí ọmọ iṣẹ́ tú u padà. Kí ni ọmọ iṣẹ́ yóò tú? Ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Bí kò bá sí ẹni tí ó lè sọ irú ariwo tí ó jẹ́ àti ìgbà tí ó ń dún, àbá lásán ni wọn yóò máa dá, owó olówó ni yóò sì máa bá àbá náà lọ. Ewu tí ó ju ti owó lọ tún wà níbẹ̀. Bíárìnì tí ó bá gbóná jù lè há. Eyín jíà tí ó bá ṣẹ́ lè há sí àárín àwọn eyín yòókù, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì dúró gbagidi lójijì lórí ìrìn, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn àti ọkọ̀ mìíràn tí ń bọ̀ níwájú.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Ọ̀tà ni ó jẹ́ pé Yorùbá ni ọ̀gá fi ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìwé tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà kọ. Gẹ̀ẹ́sì náà ni èdè ìdánwò tí a fi ń fún oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìwé ẹ̀rí. Ọ̀nà méjì yìí kò pàdé. Iṣẹ́ Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 sì fún àwọn olùkọ́ ní orúkọ tí wọ́n fi ń ṣàlàyé gírámà, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n kíláàsì ni wọ́n wà fún. Ọgbà mẹkáníìkì ṣì ń retí tirẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ fi múlẹ̀ níhìn-ín: ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe èdè-ìperí fún àyẹ̀wò ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ irin. Ìró ni kí ó kọ́kọ́ fún ní orúkọ, lẹ́yìn náà ìgbà tí ìró náà ń dún, kí ó tó wá kan irin tí ń dún. Ọ̀nà tí àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ ń gbà ni èyí, nítorí etí ni ó ń ṣáájú sípánà.

2. Iṣẹ́ dífúrẹ́ńṣà àti orúkọ rẹ̀

Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti òde ń rìn jìnnà ju ti inú lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní àyè tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì jẹ́ mítà 1.5, tí ọkọ̀ náà sì yí oríta roboto kan po pátápátá títí ó fi padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ òde yóò fi mítà 9.42 rìn ju ẹsẹ̀ inú lọ, ìbáà jẹ́ oríta ńlá tàbí kékeré. Bí gíga táyà láti ìsàlẹ̀ dé òkè bá jẹ́ mítà 0.75, ẹsẹ̀ òde yóò ti fi ìgbà 4 gééré yí ju ti inú lọ. Bí irin kan ṣoṣo bá de ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ láìsí ohun tí ń là wọ́n, ọ̀kan nínú wọn ní láti fi táyà họ ilẹ̀ ní gbogbo kọ́nà.

Dífúrẹ́ńṣà ni ó ń yanjú ọ̀ràn yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1827 ni Onésiphore Pecqueur, alágogo kan ní ilẹ̀ Faransé, gba ìwé àṣẹ fún irú rẹ̀ tí a lè lò fún ọkọ̀ tí ń fi agbára ooru omi rìn. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Pùròpẹ́là gbé ìyípo wá láti jíábọ́ọ̀sì. Ó fi í lé jíà kékeré kan lọ́wọ́, èyí tí a ń pè ní píníọ̀n. Píníọ̀n yí jíà ńlá, èyí tí a ń pè ní kíráùn. Inú ilé tí kíráùn ń gbé yí ni àwọn jíà kéékèèké tí a ń pè ní sípáídà wà. Àwọn ni wọ́n pín ìyípo náà fún ṣáàfù ọ̀tún àti ṣáàfù òsì. Bí kíráùn bá yí ní ìgbà 10, tí ẹsẹ̀ inú sì yí ní ìgbà 8 péré, ẹsẹ̀ òde yóò yí ní ìgbà 12. Ohun tí ọ̀kan pàdánù ni èkejì jèrè.

Níbí ni atúmọ̀ èdè ti lè ṣìnà. Bí ó bá wo inú ìwé atúmọ̀, ìyàtọ̀ ni yóò rí gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, yóò sì fẹ́ pe irin yìí ní ẹ̀rọ ìyàtọ̀. Orúkọ náà kò sọ nǹkan kan fún ọmọ iṣẹ́. Irin yìí kì í ṣe ìyàtọ̀. Pípín ni ó ń pín. Ìdí nìyí tí a fi dábàá apínyípo, èyíinì ni ohun tí ó ń pín ìyípo. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa dífúrẹ́ńṣà tì. Dífúrẹ́ńṣà ni orúkọ tí ọjà mọ̀, òun náà ni a ó sì máa fi ra ọjà. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, apínyípo a máa ṣàlàyé ara rẹ̀: bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, kò sí ohun tí a ń pín lọ́nà àìdọ́gba, sípáídà kò sì ní yí lórí ara rẹ̀, bí ó bá di kọ́nà, pípín bẹ̀rẹ̀, sípáídà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nítorí náà, ariwo tí a kì í gbọ́ àfi ní kọ́nà, sípáídà ni kí a kọ́kọ́ fura sí nínú apínyípo. Orúkọ nìkan ti kọ́ni ní ìdajì àyẹ̀wò.

3. Irú ariwo mẹ́rin

Yorùbá kò tòṣì ní ti ọ̀rọ̀ ìró. Èdè tí ó ń fi ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ti kọ́ etí àwọn tí ń sọ ọ́ kí wọ́n tó dé ọgbà mẹkáníìkì. A kò ní láti dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀. Kí a yan mẹ́rin, kí a sì fi ààlà sí ìtumọ̀ wọn.

Ìkíní ni híhan. Ìró tóóró ni, tí ó ga, tí ó sì ń ga sí i bí eré ọkọ̀ bá ti ń pọ̀ sí i. Láti ibi tí eyín jíà méjì ti ń pàdé ni ó máa ń ti wá.

Ìkejì ni kíkùn. Ìró abẹ́lẹ̀ ni, bí ìgbà tí oyin bá ń kùn nínú ilé rẹ̀. Ó lè jẹ́ ti táyà, ó sì lè jẹ́ ti bíárìnì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàjẹ́. Kí òǹkọ̀wé kíyè sí àmì ohùn, kí ó má baà kọ kíkún dípò kíkùn.

Ìkẹta ni lílọ̀. Ìró gbígbẹ ni, tí ó rí ṣákaṣàka bí ìgbà tí ọmọ ọlọ bá ń lọ lórí ìyá ọlọ láìsí omi. Bíárìnì tí ojú rẹ̀ ti họ ni ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìkẹrin ni kíkàn. Ìró tí a lè kà ni, gbà, gbà, gbà, bí ẹni tí ń kànkùn. Eyín tí ó ṣẹ́, àlàfo tí ó pọ̀ jù, tàbí jọ́íǹtì pùròpẹ́là tí ó ti jẹ ni ó máa ń fà á.

Kí a tó gbà pé apínyípo ni ó ń dún rárá, ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣe. Kí a wa ọkọ̀ náà láti orí ọ̀dà tí ó rí gbágungbàgun dé orí èyí tí ó tẹ́jú. Bí ìró náà bá yí padà bí ojú ọ̀nà ti yí padà, táyà ni. Ojú ọ̀nà kì í yí ariwo jíà padà.

4. Ìgbà tí ariwo ń dún

Lẹ́yìn irú ariwo, ìgbà ni ó kàn. Ìgbà mẹ́rin ni a ó yà sọ́tọ̀. Ìtẹná ni ìgbà tí awakọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ iná, tí ẹ̀rọ sì ń fa ọkọ̀. Ìyọsẹ̀ ni ìgbà tí ó yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, tí ọkọ̀ wá ń ti ẹ̀rọ. Ìdọ́gba ni ìgbà tí kò sí èyí tí ń fa èkejì, tí eré kò pọ̀ sí i, tí kò sì dín kù. Ìyíkọ́nà sì ti hàn láti inú orúkọ rẹ̀.

Ìdí tí ìgbà fi ṣe pàtàkì ni pé eyín jíà ní ojú méjì. Nígbà ìtẹná, ojú kan ni píníọ̀n fi ń ti kíráùn. Nígbà ìyọsẹ̀, ojú kejì ni wọ́n fi ń fara kanra. Nítorí náà, híhan tí ó ń dún nígbà ìtẹná nìkan ń sọ fún wa pé ojú ìtẹná kò pàdé bí ó ti yẹ. Híhan nígbà ìyọsẹ̀ nìkan ń tọ́ka sí ojú kejì, tàbí sí bíárìnì píníọ̀n tí ó ti dẹ̀. Lílọ̀ tí kò bìkítà fún ìtẹná tàbí ìyọsẹ̀, bíárìnì ni. Bí ó bá ń le sí i bí awakọ̀ bá rọra yí ọkọ̀ sí òsì, bíárìnì ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí a yẹ̀ wò ní àkọ́kọ́, nítorí pé ẹrù ọkọ̀ máa ń tẹ̀ sí òde kọ́nà. Kíkàn lẹ́ẹ̀kan gbì nígbà tí a bá ti ìyọsẹ̀ bọ́ sí ìtẹná jẹ́ ti àlàfo tí ó pọ̀ jù níbì kan láàárín jíábọ́ọ̀sì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Ní ti kíkàn tí ń tún ara rẹ̀ ṣe, ìṣirò a máa ṣe ìrànwọ́ gidi. Ká ní kíráùn ní eyín 41, píníọ̀n sì ní 10. Ìwọ̀n ìyípo wọn jẹ́ 4.1, èyíinì ni pé píníọ̀n yóò yí ní ìgbà 4.1 kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ga ní mítà 0.75 bá ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí ní nǹkan bí ìgbà 7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, píníọ̀n ń yí ní ìgbà 29, eyín sì ń pàdé eyín ní ìgbà 290. Ìpàdé 290 yìí ni ó ń di híhan. Etí kò lè ka á, ohùn ni ó ń gbọ́. Ìgbà 29 náà ti yára jù fún etí láti kà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá ń rìn bí ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn, ní nǹkan bí kìlómítà 6 ní wákàtí kan, kò sí ohun tí a kò lè kà mọ́. Kí ẹnì kan fi ẹfun sàmì sí ara táyà, kí ó sì máa bá ọkọ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí gbà bá dún lẹ́ẹ̀kan bí àmì náà ti yí lẹ́ẹ̀kan, kíráùn tàbí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni kí a wò. Bí ó bá dún ní nǹkan bí ìgbà 4, píníọ̀n ni kí a fura sí. Bí ó bá dún ní nǹkan bí ìgbà 8, jọ́íǹtì pùròpẹ́là ni, nítorí pé jọ́íǹtì tí ó ti jẹ máa ń kàn lẹ́ẹ̀méjì nínú ìyípo pùròpẹ́là kan. Ọmọ iṣẹ́ tí ó mọ ìṣirò yìí kò ní tú irin kan láìnídìí.

5. Àtúnṣe tí ń bí ariwo

A ti sọ pé ariwo náà kò sí kí a tó tún ọkọ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ó ń dín ohun tí a ó fura sí kù. Àwọn ohun márùn-ún tí ó wọ́pọ̀ nìyí.

Àkọ́kọ́, pípín tọkọtaya níyà. Láti ibi tí a ti ṣe wọ́n ni a ti máa ń fi kíráùn àti píníọ̀n lọ ara wọn títí ojú eyín wọn fi bára mu. Bí mẹkáníìkì bá mú kíráùn láti inú dífúrẹ́ńṣà kan, tí ó mú píníọ̀n láti inú òmíràn, eyín lè pé ní iye, ṣùgbọ́n ojú wọn kò ní mọ ara. Híhan ni yóò jẹ́ èrè rẹ̀.

Èkejì, àlàfo eyín. Àyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín eyín méjì kí ọ́ìlì lè wọlé, kí irin sì rí àyè wú bí ó bá gbóná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, kò ju nǹkan bí mìlímítà 0.15 sí 0.20 lọ, ìwé ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ ni ó ni àṣẹ ìkẹyìn. Bí àlàfo bá kéré jù, eyín yóò máa han, yóò sì gbóná. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò máa kàn. Ọwọ́ kò lè wọn irú àyè bẹ́ẹ̀, aago ìwọ̀n ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀kẹta, àpá ìpàdé. Bí a bá fi ọ̀dà tí kò tíì gbẹ kun eyín kíráùn díẹ̀, tí a sì yí i lọ yí i bọ̀, ibi tí eyín píníọ̀n ti kàn án yóò hàn kedere. Bí àpá náà bá wà ní àárín gbùngbùn ojú eyín, ó dára. Bí ó bá wọ ìdí eyín lọ, píníọ̀n ti sún mọ́ kíráùn jù. Bí ó bá wà ní ṣóńṣó eyín, píníọ̀n ti jìnnà jù. Bí ó bá fì sí ìpẹ̀kun inú, àlàfo kéré jù. Bí ó bá fì sí ìpẹ̀kun òde, àlàfo pọ̀ jù. Àpá yìí ni ìwé tí irin fúnra rẹ̀ kọ. Ẹni tí kò bá kà á kí ó tó de ideri padà ti sọ àǹfààní nù.

Ẹ̀kẹrin, ìfúnṣáájú bíárìnì. Kí bíárìnì píníọ̀n má baà mì nígbà tí agbára bá dé bá a, a ní láti kọ́kọ́ fún un díẹ̀ ní ìwọ̀n tí ìwé sọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òrùka irin kan wà láàárín bíárìnì méjèèjì tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó lè rún díẹ̀ bí a ti ń fún nọ́ọ̀tì. Bí ó bá ti rún kọjá ìwọ̀n, kò tún lè nà padà mọ́. Títú nọ́ọ̀tì sẹ́yìn kò sì ran nǹkan kan lọ́wọ́. Níbí ni ọ̀pọ̀ ariwo ti ń wọlé láti ara iṣẹ́ tí ó dà bí iṣẹ́ kékeré. Ọ́ìlì ń jò ní ẹnu píníọ̀n. Ọmọ iṣẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì nìkan. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ fún nọ́ọ̀tì padà. Jíjò dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n bíárìnì ti fún jù. Láàárín ìrìn díẹ̀, ẹnu dífúrẹ́ńṣà gbóná débi pé ọwọ́ kò lè dúró lórí rẹ̀, lílọ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti rí èyí, òrùka tuntun ni ó kàn.

Ẹ̀karùn-ún, ọ́ìlì. Eyín kíráùn àti píníọ̀n ń fi ara yọ̀ lórí ara wọn lọ́nà tí ọ́ìlì ẹ̀rọ kò lè gbà wọ́n là. Ọ́ìlì jíà tí a kọ GL-5 sí lára ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́. Irú dífúrẹ́ńṣà kan sì wà tí ó ní awo ìdènà nínú, kí ẹsẹ̀ kan má baà máa yí lásán nínú ẹrẹ̀. Bí a kò bá fi èròjà tí ó yẹ sínú ọ́ìlì rẹ̀, yóò máa gbọ̀n rìrì ní kọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí irin kan tí ó bàjẹ́.

6. Ohun tí ó yàtọ̀ nínú ọkọ̀ afẹsẹ̀mẹ́rinrìn

Dífúrẹ́ńṣà méjì ni ó wà nínú ọkọ̀ fọ́wíìlì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn; tìráńsífà ni ó sì ń pín agbára fún wọn. Nínú àwọn kan, bí i Range Rover tí ó jáde ní ọdún 1970, apínyípo kẹta wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, gbogbo ẹsẹ̀ sì ń gba agbára nígbà gbogbo. Nínú àwọn mìíràn, bí i ọ̀pọ̀ Toyota Hilux, kò sí ẹ̀kẹta. Bí a bá ti fi iwájú kún ẹ̀yìn, a ti dè wọ́n pọ̀ pinpin. Irú èyí kò yẹ ní orí ọ̀dà gbígbẹ. Bí awakọ̀ bá gbàgbé, tí ó ń wà á bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń gbọ́ gbì ní kọ́nà, ọkọ̀ kò ní àìsàn kankan. Kí ó yọ iwájú kúrò.

Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí ó jẹ́ ti ọkọ̀ yìí nìkan, àtúnṣe ni ó sì máa ń bí i. Ọ̀pọ̀ nínú dífúrẹ́ńṣà tí a ń lò láti fi tún ọkọ̀ ṣe jẹ́ tòkunbọ̀. Kí ìjọba àpapọ̀ tó fi òfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnu ibodè orí ilẹ̀, tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, ọ̀nà Ìdírókò wà lára ọ̀nà tí a mọ̀ fún ọkọ̀ tòkunbọ̀. Dífúrẹ́ńṣà méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì lójú, kí ìwọ̀n ìyípo wọn sì yàtọ̀. Ká ní ti iwájú jẹ́ 4.1, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún ẹ̀yìn sì jẹ́ 4.3. Nínú kìlómítà kan, pùròpẹ́là iwájú yóò fẹ́ yí ní ìgbà 1,740, ti ẹ̀yìn yóò fẹ́ yí ní ìgbà 1,825. Ìyàtọ̀ 85 náà kò ní ibi tí yóò lọ bí a bá ti dè wọ́n pọ̀. Ṣáàfù yóò máa lọ́, táyà yóò máa họ, tìráńsífà yóò máa ké. Èyí ni a pè ní ìlọ́pọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò tú dífúrẹ́ńṣà tuntun náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò sì ní rí ohun tí ó bàjẹ́ nínú rẹ̀, nítorí pé kò sí.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n kò gba owó. Kí a fi igi dí àwọn ẹsẹ̀ yòókù dáadáa, kí jíà wà ní òfo, kí a tú bíréèkì ọwọ́, kí a sì fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo kúrò nílẹ̀, pẹ̀lú ìdúró irin lábẹ́ ọkọ̀. Kí a yí ẹsẹ̀ tí ó wà lókè ní ìgbà 20, kí ẹnì kan sì máa ka iye tí pùròpẹ́là yí. Nítorí pé ẹsẹ̀ kejì dúró sí ilẹ̀, kíráùn yóò yí ní ìgbà 10 péré. Apínyípo ni ó pín in bẹ́ẹ̀. Bí pùròpẹ́là bá yí ní ìgbà 41, ìwọ̀n ìyípo jẹ́ 4.1, bí ó bá jẹ́ 43, ó jẹ́ 4.3. Kí a ṣe bákan náà fún iwájú, kí a kọ́kọ́ rí i dájú pé ìdè ẹsẹ̀ iwájú ti wọlé, kí tìráńsífà sì wà ní ti ẹsẹ̀ méjì. Kí a ṣe é kí a tó sanwó ọjà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Táyà tí gíga wọn yàtọ̀ níwájú àti lẹ́yìn a máa fa irú ìlọ́pọ̀ kan náà.

Bí a kò bá mọ̀ bóyá iwájú ni ó ń dún tàbí ẹ̀yìn, a lè tú pùròpẹ́là iwájú kúrò nínú irú ọkọ̀ kejì, kí a wà á díẹ̀ ní ti ẹsẹ̀ méjì. Bí ariwo bá lọ, iwájú ni. Ṣùgbọ́n nínú irú ọkọ̀ tí ó ní apínyípo láàárín, ọkọ̀ kò ní kúrò lójú kan bí a kò bá kọ́kọ́ ti apínyípo àárín náà pa. Gbogbo ìyípo yóò gba ibi tí kò ti sí ẹrù lọ.

7. Àwọn orúkọ tí a dábàá

Fún àǹfààní olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè, a kó àwọn orúkọ tí a ti lò jọ báyìí:

Híhan: ìró tóóró tí ó ń ga bí eré ti ń pọ̀, ti ìpàdé eyín.
Kíkùn: ìró abẹ́lẹ̀ tí kò dáwọ́ dúró, ti táyà tàbí bíárìnì.
Lílọ̀: ìró gbígbẹ bí ti ọlọ, ti bíárìnì tí ó ti họ.
Kíkàn: ìró tí a lè kà, ti eyín tí ó ṣẹ́, àlàfo tàbí jọ́íǹtì.
Ìtẹná, ìyọsẹ̀, ìdọ́gba, ìyíkọ́nà: ìgbà mẹ́rin tí a ń dán ariwo wò.
Apínyípo: dífúrẹ́ńṣà.
Ìwọ̀n ìyípo: iye ìgbà tí píníọ̀n yí fún ìyípo kíráùn kan.
Àlàfo eyín: àyè tí ó wà láàárín eyín méjì tí ó pàdé.
Àpá ìpàdé: àmì tí ọ̀dà fi hàn lójú eyín.
Ìfúnṣáájú: fífún bíárìnì ní ìwọ̀n kí iṣẹ́ tó dé bá a.
Ìlọ́pọ̀: ìfàmọ́ra iwájú àti ẹ̀yìn tí ìyípo wọn kò bára mu.

A ó kíyè sí i pé a fi kíráùn, píníọ̀n, bíárìnì, pùròpẹ́là àti tìráńsífà sílẹ̀ bí ọjà ti ń pè wọ́n. Orúkọ irin ni wọ́n. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan irin náà lẹ́ẹ̀kan kò tún ní gbàgbé orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ọwọ́ kan àlàfo, ìfúnṣáájú tàbí ìlọ́pọ̀. Èrò ni wọ́n, èrò tí kò bá sì ní orúkọ tí ó yéni kì í gbé nínú ọpọlọ pẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti yẹ kí onímọ̀ èdè-ìperí lo agbára rẹ̀.

8. Ìgúnlẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Nínú ọ̀ràn tí a gbé yẹ̀ wò yìí, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ọmọ iṣẹ́ lè bi olówó ọkọ̀ kí ó tó nawọ́ mú sípánà: Irú ariwo wo ni ẹ ń gbọ́? Ìgbà wo ni ó ń dún? Kí ni wọ́n tún ṣe kí ó tó bẹ̀rẹ̀? Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dín iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta kù sí ti wákàtí kan.

A rọ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n mú àwọn orúkọ yìí lọ sí ọgbà mẹkáníìkì, kí wọ́n lò wọ́n níwájú àwọn ọ̀gá, kí wọ́n sì gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀gá yóò fi dípò èyí tí kò bá dùn létí wọn. Orúkọ tí ọ̀gá kò bá gbà, ọmọ iṣẹ́ kò ní lò ó, bí ó ti wù kí ó dára tó nínú ìwé. Èyí tí wọ́n bá gbà ni kí a wá kọ sílẹ̀ fún ìdánwò, kí ọmọ tí ó fi Yorùbá kọ́ iṣẹ́ lè fi Yorùbá dáhùn pé òun mọ̀ ọ́n.